Òòfà tó ń darí ìtànṣán: àṣírí ẹ̀rọ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Ìdí-Àràbà

Ẹni tó bá gba Ojúwọyè, ní Múṣin, kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yóò mọ̀ pé èrò kì í rìn tààrà bí kò bá sí ohun tó ń darí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí nínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní ilé-ìwòsàn LUTH, ní Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà síbẹ̀. Èrò tibẹ̀ kì í ṣe èèyàn, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ìn-tín inú átọ́ọ̀mù tí ojú kò lè rí. Òòfà ló ń darí wọn. Bí òòfà náà bá ṣìṣe, ìtànṣán tó yẹ kó pa jẹjẹrẹ lè ba ẹran ara tí kò ní àìsàn kankan jẹ́.

Oṣù Kejì ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí àjọ NSIA àti LUTH jọ dá sílẹ̀, tí wọ́n ná mílíọ̀nù 11 dọ́là lé lórí. Ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní linear accelerator ni wọ́n kó síbẹ̀: VitalBeam méjì àti Halcyon kan. Iléeṣẹ́ Varian ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ṣe wọ́n.

Irin kan tí wọ́n mú gbóná ni àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń jáde. Wọ́n á wọ inú páìpù bàbà tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, ìgbì bíi ti rédíò yóò sì máa tì wọ́n lọ títí eré wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Lópin, wọ́n á kọlu irin tọ́ńgísítìn. Ìkọlù náà ló ń bí ìtànṣán ẹ́síréè tí wọ́n ń tàn sójú jẹjẹrẹ.

Kì í ṣe òòfà ló ń fún wọn ní eré. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó wọn jọ, kó sì yí wọn sọ́nà tó tọ́. Irú agbára kan náà ni gbogbo ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbé dání, nítorí náà ńṣe ni wọ́n máa ń ti ara wọn. Bí kò bá sí olùdarí, wọ́n á túká sára páìpù kí wọ́n tó débi tí wọ́n ń lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi wé wáyà bàbà mọ́ páìpù. Bí iná mànàmáná bá ti ń gba inú wáyà kọjá, ó di òòfà nìyẹn, á sì há wọn mọ́ àárín. Wáyà mìíràn tún wà tó ń fà wọ́n díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù ni kọ́nà tó wà lópin páìpù VitalBeam. Páìpù náà dùbúlẹ̀ gbalaja, aláìsàn sì wà nísàlẹ̀, nítorí náà ìṣàn gbọ́dọ̀ yí. Ṣùgbọ́n eré wọn kò dọ́gba. Ẹ wo dánfó méjì tó fẹ́ yí kọ́nà: èyí tó ń sáré jù yóò gbà lọ síta, èyí tó rọra ń bọ̀ yóò há mọ́ inú. Bí òòfà bá yí ìṣàn sísàlẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fọ́nká. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kó kọ́kọ́ lọ sókè, kó yí po ní ìwọ̀n dígírì 270, kó tó dorí kọ ilẹ̀. Wọ́n ṣètò òòfà náà débi pé èyí tó gba ìta àti èyí tó gba inú yóò tún pàdé lójú kan ṣoṣo lórí tọ́ńgísítìn, ojú tí kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Halcyon kò nílò kọ́nà yìí, nítorí páìpù rẹ̀ kúrú, ìṣàn rẹ̀ sì ń lọ tààrà.

Níbi tí ìṣàn bá ti ní láti rin ọ̀nà jíjìn, bíi ti àwọn ẹ̀rọ ìwádìí ńlá òkè òkun, òòfà olórí mẹ́rin ni wọ́n ń lò. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ méjì fún òkèlè fùfú: bó ti ń fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yọ lókè àti nísàlẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á to òòfà méjì tẹ̀léra, kí èkejì lè fún ibi tí èkíní jẹ́ kó yọ. Nicholas Christofilos, ẹnjiníà kan ní Gíríìsì, ti ronú kan ọgbọ́n yìí kí àwọn onímọ̀ Brookhaven ní Amẹ́ríkà tó tún ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1952.

Kí ló mú kí ojú kékeré orí tọ́ńgísítìn yẹn ṣe pàtàkì? Bí iná àtùpà bá kéré, òjìji ọwọ́ lára ògiri á mọ́ kedere. Bí iná bá fẹ̀, etí òjìji á di bàìbàì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààlà láàárín ibi tí jẹjẹrẹ wà àti ibi tí kò sí. Bí ìṣàn bá sì ti di ẹ́síréè, òòfà kò lágbára lórí rẹ̀ mọ́. Ohun tó nípọn bí irin ló lè dí i lọ́nà. Ohun tí òòfà kò bá tún ṣe ṣáájú, kò lè tún un ṣe lẹ́yìn.

Ohun èlò kan wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó ń wò bóyá ìtànṣán pọ̀ sápá kan ju èkejì lọ. Bí àṣìṣe bá kọjá ààlà, ẹ̀rọ yóò dá ara rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n iná tí kò dúró sójú kan kò lè mú òòfà dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni òòfà tó ń gbóná ń fẹ́ omi tútù tí yóò máa ṣàn yí i ká. Àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn sì gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń wo jẹjẹrẹ. Iná, omi àti òye wà níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.