Irin-iṣẹ́ Tí Ó Bá Ọwọ́ Mu

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo mú wá lónìí: ọwọ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àti irin-iṣẹ́ tí ó yẹ kí á fi lé e lọ́wọ́.

Ó ti di àṣà nísinsìnyí kí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká ra ojú kọ̀ǹpútà ńlá kan, èyí tí à ń pè ní mọ́nítọ̀, kí ó sì fi okùn so méjèèjì pọ̀. Ìdí rẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ tí à ń kà yóò tóbi, ọrùn kò ní máa tẹ̀ wálẹ̀ mọ́, ojú yóò sì sinmi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó rí ẹni náà tí ń fi ọwọ́ kan pa èjìká kejì. Ọrùn ọwọ́ ń ro ó. Ó ní, "Ṣebí nítorí ìrọ̀rùn ni mo ṣe náwó yìí, kí ni ó wá dé?" Ohun tí ó dé ni pé ojú ti ṣí kúrò níbi tí ó wà, ọwọ́ kò sì bá a ṣí. A wá ibùjókòó fún ojú, a gbàgbé ti ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí ó ti rí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá dá wà níwájú ẹni, àárín ni ohun gbogbo wà. Bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ ìwé wà níwájú àyà. Ojú pẹlẹbẹ kékeré tí a ń fi ìka rá láti darí ọfà, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní touchpad, wà ní ìsàlẹ̀ wọn, ọwọ́ méjèèjì sì lè dé ibẹ̀ láìnà. Nígbà tí mọ́nítọ̀ bá dé, òun ni a ó gbé sí àárín, a ó sì ti kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ìgbà náà lọ, ojú ń wo iwájú, ọwọ́ ń nà sí ẹ̀gbẹ́, ìgúnpá sì ń jìnnà sí ìhà. Ẹ na apá yín sí ẹ̀gbẹ́ báyìí, kí ẹ gbé e dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ ó mọ̀ fúnra yín pé èjìká ni ó ru ẹrù náà. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní wákàtí 6 lóòjọ́?

Ohun kejì ni ìrìn ọfà. Igun dé igun ni a máa ń wọn ojú kọ̀ǹpútà. Èyí tí a bá pè ní ínṣì 14 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 31 láti òsì dé ọ̀tún. Mọ́nítọ̀ ínṣì 24 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 53. Bí a bá ń lo méjèèjì papọ̀, ọfà ní ọ̀nà sẹ̀ǹtímítà 84 láti rìn. Lórí touchpad kékeré nì, ìka ní láti rá, kí ó gbéra, kí ó padà, kí ó tún rá, bí ẹni tí ń fi ṣíbí bu omi kún agbada. Ní ọdún 1954, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Paul Fitts, fi ìdánwò hàn pé bí ohun tí a fẹ́ nawọ́ kàn bá ti jìnnà sí i, tí ó sì kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò pẹ́ kí ọwọ́ tó bà á. Nítorí náà, bí a bá mú ojú ìṣẹ́ gbòòrò láìtún irin-iṣẹ́ ọwọ́ wò, iṣẹ́ ni a fi kún iṣẹ́.

Ọrùn ọwọ́ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Egungun kéékèèké 8 ni ó wà níbẹ̀. Láàárín àwọn egungun náà àti awọ líle kan tí ó bò wọ́n, ihò tóóró kan wà. Iṣan 9 tí ń mú kí ìka lè ká kò ni ó ń gba ihò yìí kọjá, pẹ̀lú okùn ìmọ̀lára kan tí ń jẹ́ kí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn. Bí ọrùn ọwọ́ bá tọ́, àyè gbà wọ́n. Bí ó bá tẹ̀ sókè tàbí sí ìsàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àyè á fún mọ́ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irin-iṣẹ́, èyí ni kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè: ṣé ọrùn ọwọ́ mi yóò tọ́ bí mo bá dì ọ́ mú?

Ó dára kí á mọ ibi tí àwọn irin-iṣẹ́ wọ̀nyí ti wá, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti mọ iṣẹ́ tí a dá wọn sí. Máòsì ni ó gbajúmọ̀ jù. Eku ni orúkọ náà túmọ̀ sí, nítorí okùn ara rẹ̀ tí ó dà bí ìrù. Douglas Engelbart ni ó ronú kàn án ní ilé ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ California, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Bill English, sì ni ó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1964. Igi ni ara rẹ̀, àgbá kékeré méjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó sì ní. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, Engelbart fi irin-iṣẹ́ náà han ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní ìlú San Francisco. Láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, orí tábìlì ni a dá máòsì sí.

Máòsì oníbọ́ọ̀lù dàgbà jù ú lọ. Ní ọdún 1946, Ralph Benjamin ronú irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Kánádà ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọ ogun ojú omi tiwọn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń yí nílẹ̀ nínú eré ìdárayá ni wọ́n sì fi sí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká PowerBook jáde ní ọdún 1991, bọ́ọ̀lù kékeré ni ó wà níwájú bọ́tìnnì rẹ̀. Ní ọdún 1994 ni wọ́n fi touchpad rọ́pò rẹ̀ lára àwọn PowerBook tuntun. Touchpad kò gba àyè, kò sì ní ohun tí ń yí tí ìdọ̀tí lè há sí. Ohun ìrìnàjò ni, ó sì dára fún ìrìnàjò. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ bí a bá sọ ọ́ di ohun tábìlì.

Èwo ni kí á wá yàn? Irú mẹ́rin ni n óò mẹ́nu bà.

Èkíní ni máòsì lásán, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ ń dojú kọ ilẹ̀ lórí rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì dára fún iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí ọwọ́ ṣe pẹ́kípẹ́kí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ àyè lórí tábìlì, ó sì ń yí egungun apá po díẹ̀.

Èkejì ni máòsì tí ó nàró. A máa ń dì í mú bí ẹni tí ó fẹ́ bọ ènìyàn lọ́wọ́, apá kò sì ní yí po. Ó dára fún ẹni tí apá ń ro lábẹ́ ìgúnpá. Kí ẹni tí ó rà á ní sùúrù ọjọ́ mélòó kan, nítorí ọwọ́ ní láti kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni máòsì oníbọ́ọ̀lù. Òun fúnra rẹ̀ kì í rìn, bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ ni ìka ń yí. Ó dára fún tábìlì tóóró àti fún ẹni tí èjìká ń dùn. Irú kan wà tí àtàǹpàkò nìkan ń yí, òmíràn wà tí ìka ń yí. Bí àtàǹpàkò rẹ bá ti ń dùn ọ́ tẹ́lẹ̀, má ṣe ra ti àkọ́kọ́. Kí á sì máa yọ bọ́ọ̀lù náà nù, nítorí eruku máa ń kó sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni touchpad tí ó dá dúró, tí a lè gbé sí ibi tí a bá fẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ti ara kọ̀ǹpútà kò ní kọ́ ohun tuntun. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ àtẹ̀mọ́lẹ̀ kí á sì máa fà á, bí irú àwòrán yíyà, ó máa ń rẹ ìka.

Nípa ti ìwọ̀n, àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Máòsì tíńtìnní tí a ṣe fún àpò ìrìnàjò yóò mú kí àgbàlagbà ká ìka bí èékánná àṣá. Èyí tí ó tóbi yóò sì na ìka ọmọdé ju agbára rẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ a máa dán èèkù ọkọ́ wò lọ́wọ́ kí ó tó sanwó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé e, kí ẹ má fún un. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá fara tì í, tí ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín bà lé bọ́tìnnì láìnà, láìkákò, ó bá yín mu.

Alòsì ní láti ṣọ́ra, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí a gbẹ́ fún ìrọ̀rùn jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún. Kí ó wá èyí tí òsì àti ọ̀tún rẹ̀ dọ́gba, kí ó sì pààrọ̀ iṣẹ́ bọ́tìnnì méjèèjì níbi ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin alọ́tùn-ún pàápàá, bí ọ̀tún bá ń ro yín, ẹ lè kọ́ òsì. A kì í fi ọwọ́ òsì kí àgbà, ṣùgbọ́n máòsì kì í ṣe àgbà.

Irin-iṣẹ́ tí ó dára jù lọ, bí a bá gbé e sí ibi tí kò yẹ, asán ni. Ẹ wá kíbọ́ọ̀dù tí ó dá dúró, kí ẹ gbé e sí iwájú mọ́nítọ̀, kí máòsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n gíga kan náà, kí ìgúnpá sì fara mọ́ ìhà. Kíbọ́ọ̀dù gígùn tí ó ní àwọn nọ́ńbà ní ọwọ́ ọ̀tún máa ń ti máòsì jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ nọ́ńbà, kí ó ra kúkúrú. Ẹni tí iṣẹ́ owó kíkà jẹ́ tirẹ̀, kí ó gbé máòsì sí òsì. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ ibi ètò kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi kún eré ọfà díẹ̀díẹ̀, títí tí ọwọ́ kò fi ní rìn púpọ̀ kí ọfà tó la ojú méjèèjì kọjá. Ẹ sì kọ́ àwọn bọ́tìnnì tí ń dá iṣẹ́ ṣe: Ctrl pẹ̀lú C láti ṣe àdàkọ, Ctrl pẹ̀lú V láti lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Ìgbà tí a kò bá nílò máòsì ni ọwọ́ ń sinmi jù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò tíì náwó púpọ̀. Títún tábìlì tò kò gba kọ́bọ̀, eré ọfà kò gba kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwọ̀nyí fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìrora bá kù, ẹ ti mọ ibi tí ó wà, ẹ ó sì mọ irú èyí tí ẹ ó rà. Ẹni tí ó bá ra ọjà kí ó tó mọ ibi tí ń dùn ún lè ra ìrora mìíràn kún ti àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n bí ìka bá ń kú tipiri, tí ó ń jí yín lóru, tàbí tí ohun ń jábọ́ lọ́wọ́ yín láìmọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìsọ̀. Ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ má fi falẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, a lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn, a lè ra mọ́nítọ̀ mìíràn. Kò sí ọjà tí a ti ń ra ọwọ́. Ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣeré lórí máòsì lónìí ni ẹ ó fi jẹun lọ́la. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.