Ilé Là Á Wò: Sísọ Àwọn Ẹ̀yà Kílọ́ọ̀ṣì Lórúkọ

Yorùbá gbà pé ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òfin yìí de ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 1984 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìwé náà wúlò púpọ̀ fún olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹkáníìkì kò sí lára ohun tí a tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. Ní Àgbàdo ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri Èkó, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó ń fi Yorùbá kọ́ ọmọṣẹ́, tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ àyálò pe ẹ̀yà ọkọ̀.

Kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ kò nílò orúkọ mìíràn. Fáwẹ̀lì ti bọ́ sáàárín kọ́ńsónáǹtì méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé Yorùbá kì í gba irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti di ọmọ ilé. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ ni ìṣòro wà. Bí atúmọ̀ èdè bá pe méjì nínú wọn ní “àwo”, tí ìwé ìlànà sì wí pé, “Fi oògùn ìfọ-gíríìsì nu àwo,” èwo ni ọmọṣẹ́ yóò nù? Ọ̀kan jẹ́ irin tí ó yẹ ní fífọ̀. Èkejì kò gbọdọ̀ kan epo tàbí oògùn, kí ó má baà máa yọ̀. Bí ó bá ṣì í nù, ó ṣeé ṣe kí gíábọ́ọ̀sì tún di títú sílẹ̀.

Ó sàn kí orúkọ tẹ̀lé iṣẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá ń dá gíábọ́ọ̀sì padà. Èkíní ni kẹ̀kẹ́ ẹ́ńjìnnì, irin róbótó tí ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Èkejì ni àwo ìfaramọ́, tí eyín inú ihò rẹ̀ bá eyín ọ̀pá gíà mu. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìhà tí àárín rẹ̀ ti yọ síta ni ó ń kọjú sí gíábọ́ọ̀sì. Ẹ̀kẹta ni ìdérí ìtẹ̀mọ́, tí sípíríìngì oníka rẹ̀ ń tẹ àwo náà mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nítorí pé “ìdérí” ni a pè é, kò sí ohun tí yóò da òun àti àwo rú mọ́.

Kí bóòtù ìdérí tó le, ọ̀pá ìmútọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ọ̀pá gíà àlòkù lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn bóòtù tí ó dojú kọ ara wọn ni a ń dè díẹ̀díẹ̀, kí ìdérí má baà wọ́. Bí àárín kò bá dọ́gba, ọ̀pá gíà kò ní wọlé. Bí ìwúwo gíábọ́ọ̀sì bá sì rọ̀ sórí ọ̀pá náà, àwo ìfaramọ́ lè bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni bíárìn ìtúsílẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, apá ìtúsílẹ̀ yóò ti bíárìn yìí lu àwọn ìka sípíríìngì. Ìdérí yóò tú àwo sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti gíà yóò sì pínyà.

Ẹnìkan lè dábàá pé kí ipò ẹ̀yà pinnu orúkọ rẹ̀, bí i “àwo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì”. Ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjàpá já àbá yìí ní koro. Ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Ọ̀jọ́ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen ní ọdún 1975. Ìdí ọkọ̀ ìjàpá ni ẹ́ńjìnnì wà, iwájú ẹ́ńjìnnì sì ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì ni mẹkáníìkì ń yọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Ipò lè yí padà láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwo ìfaramọ́ kò yí padà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè tó tẹ irú orúkọ báwọ̀nyí sínú ìwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ibi iṣẹ́. Bí ọmọṣẹ́ bá gbọ́ ọ, tí ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀yà tí ó tọ́ láìbéèrè, orúkọ náà yẹ ní títẹ̀.