Ìwádìí Okùnfà Ìdákú Samba Lórí Sáfà

Samba ni ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà Windows lè lo fáìlì tí ó wà lórí sáfà Linux. Andrew Tridgell ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1992. Nígbà tí ó bá ń dákú, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alábòójútó máa ń sáré sí. Àṣà yìí léwu: fáìlì tí ẹnì kan ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́, okùnfà yóò sì wà níbi tí ó wà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ta ni ọ̀nà dí mọ́? Smbd, tí í ṣe ọkàn Samba, a máa bí ọmọ kan fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí ó bá kàn sí i. Bí ọmọ kan bá kú, ẹni tí ó ń sìn nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Bí ìyá bá kú, kò sí ẹni tuntun tí yóò rí ọ̀nà wọlé.

Lẹ́yìn náà ni kíka àkọsílẹ̀ inú /var/log/samba. Ohun tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ PANIC ṣe pàtàkì ju PANIC fúnra rẹ̀ lọ. Testparm ni wọ́n fi ń yẹ smb.conf wò, tdbbackup -v ni ti àwọn fáìlì tdb, tí díìsìkì tí ó kún tàbí iná tí ó lọ lójijì lè bà jẹ́. Samba yóò tún locking.tdb dá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n secrets.tdb ni ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà tí sáfà fi wà nínú dómènì, ẹni tí ó bá pa á rẹ́ ti já sáfà náà kúrò níbẹ̀.