Nígbà Tí Àyà Ọ̀dọ́ Bá Ń Já
Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀dọ́ kan láàárín wa wà nínú dánfó nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, èémí ò délẹ̀. Ó rò pé ikú dé. Dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Ará ilé ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ rọra ná o! Àìsàn ìpayà ni. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú 10 lọ kí ó tó le dé góńgó, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀.

Àrò l'Ábẹ́òkúta, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1954, ni a mú un lọ. Kì í ṣe wèrè tó ti wọ ọjà nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa rọra mí, kó má sì sá fún ọkọ̀. Dánfó náà ló wọ̀ wá sípàdé wa tó kọjá.