Ìyàwó Ilé Tí Ó Tún Di Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Òyìnbó

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni wọ́n ń pè ní àgbà akẹ́kọ̀ọ́. Kí ni wọn ìbá wá pe ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹni ọdún 36, tí ó ti ṣiṣẹ́ báńkì tàbí iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mẹ́wàá, tí ó sì tún gbé báàgì kọ́ èjìká láti lọ jókòó láàárín àwọn ọmọdé? Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ó ti ń kó ìwé ẹ̀rí jọ, tí ẹ sì ń bá ọkọ yín sọ ọ́ lóru. Èmi kò ní sọ ti ìwé ìrìnnà àti owó ilé ìwé, nítorí àwọn tí ń sọ ìyẹn pọ̀ jọjọ. Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́, tí ilẹ̀ sì ń ṣú bá obìnrin níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí èyí tí ó le jù bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà mọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá gba oyè kejì nínú kíláàsì mú ọkọ tàbí ọmọ dání. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí fún oyè gíga, àti díẹ̀ nínú àwọn tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn, ni wọ́n yọ sílẹ̀. Èyí ni pé obìnrin tí ó bá ń lọ fún ọdún kan, ilé ni ó ń fi sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìpínyà ìyá àti ọmọ nítorí ìwé jẹ́ ohun tuntun. Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó, tí wọ́n ń ṣe ìkéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá alágbàtọ́, kí bàbá àti ìyá lè ráyè kàwé, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Yorùbá wà nínú wọn. Adewale Akinnuoye-Agbaje, eléré sinimá tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní ọdún 2018. Fíìmù náà kì í ṣe ohun tí ìyá ń wò kí oorun kùn ún. Ti ìsinsìnyí sàn ní ti pé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tàbí ìyá-ìyá rẹ̀ ni ọmọ ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń kì í ní oríkì rẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun wà láàárín. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tí kò ì tíì já ọmọ lẹ́nu ọmú bẹ yunifásítì kí wọ́n sún ààyè òun sí ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gbà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀hún, orúkọ ni yóò kọ́kọ́ dà bí ìwọ̀sí. Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ pe àbúrò ọkọ yín ní orúkọ, tí ẹ ń pè wọ́n ní Ìdílẹ̀kẹ̀ tàbí Adúmáadán, ni ọmọ ọdún 22 tí ẹ jọ ń lo ilé ìdáná yóò pè ní orúkọ gbalaja, láìkí yín káàárọ̀. Olùkọ́ tí irun rẹ̀ ti funfun yóò ní kí ẹ pe òun náà ní orúkọ àbísọ òun, ẹnu yín yóò sì kọ̀ ọ́. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀ rárá; bí wọ́n ti ń ṣe sí ara wọn nìyẹn. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé olùkọ́ yìí kan náà ń retí kí ẹ bá òun jiyàn nínú kíláàsì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí a kà sí ọ̀wọ̀ nílé, wọn a máa rò níbẹ̀ pé ẹni náà kò ka ìwé wá ni. Bákan náà ni ti àkọsílẹ̀: àwa tí a kọ́ láti há ọ̀rọ̀ olùkọ́ sórí kí a sì dà á sílẹ̀ bó ti wà, a ní láti mọ̀ pé olè ni wọ́n ka ẹni tí ó bá lo ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ẹ̀ka tí ń kọ́ ènìyàn ní èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tètè lọ síbẹ̀, kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dé.

Nípa oúnjẹ, ọkàn yín balẹ̀. Ní Rye Lane ní Peckham, àti ọjà Ridley Road ní Dalston, iṣu, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ lè di gaàrí àti èlùbọ́ sínú ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ má di ẹran gbígbẹ, kílíṣí tàbí wàrà, nítorí wọn yóò gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Ata díndín ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Aago kan wà lókè àjà tí ń ké nígbà tí ó bá gbóòórùn èéfín, ó sì lè lé gbogbo ilé síta nínú òtútù ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dé ìkòkò, kí ẹ sì se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Ẹ má sì máa sọ gbogbo nǹkan di náírà lọ́kàn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní lè ra ẹyin.

Òtútù kò burú tó òkùnkùn. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Mùsùlùmí a kí ìrun ọ̀sán, kò ní jìnnà sí ti ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ a sì ti dé. Ìbànújẹ́ tí ènìyàn kò mọ ìdí rẹ̀ a máa tẹ̀lé e. Ẹ jáde nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Àwọn elétò ìlera wọn dábàá pé kí àwa aláwọ̀ dúdú ronú láti máa lo fítámì D, ìwọ̀n máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, yípo ọdún. Aṣọ òtútù wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, bíi bọ̀síkọ̀rọ̀ tiwa, olówó àti tálákà ni ó sì ń rà níbẹ̀. Ìlera náà, ẹ ti san owó rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, pọ́n-ùn 776 fún ọdún kan. Nítorí náà, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n lè pè yín fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún obìnrin ọdún 25 sí 64.

Iṣẹ́ ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ìgbà ooru jẹ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n fún oyè kejì ọlọ́dún kan, ìgbà náà ni a ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ, ìgbà ẹ̀kọ́ sì ni títí ìwé náà yóò fi wọlé. Òfin kò sì gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ dá òwò ṣe fúnra rẹ̀. Irun dídì fún owó, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín tí à ń tà fún ọ̀rẹ́, aṣọ tí à ń pàtẹ lórí fóònù, òwò ni gbogbo wọn. Ọwọ́ tí kì í sinmi nílé ni ó lè ba ìwé ìgbélùú jẹ́ níbẹ̀. Ọkọ tí ń retí owó lóṣooṣù ní láti mọ èyí kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbéra, kí àwọn àna náà sì mọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di èyí tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú. Bí ẹ bá ń pè ní aago méje alẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ yí i sí aago mẹ́fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ kékeré yóò ti sùn. Ẹ má bi í bóyá ó ń ṣàárò yín, nítorí ẹkún ni yóò fi dáhùn. Ẹ bi í ẹni tí ó jókòó tì í ní kíláàsì, ohun tí ìyá àgbà sè, eyín tí ó ń mì, kí ẹ sì rántí ìdáhùn rẹ̀ di ọjọ́ kejì.