ÀWỌN ẸLẸ́RÌÍ INÚ Ẹ̀JẸ̀, ÀTI BÍ A TI Ń YÀN WỌ́N

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa a máa wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí mo ti ń sọ bí a ti ń fi ẹ̀jẹ̀ mọ ẹni tí ó ni ín.

Ní ọdún 1983 àti 1986, a pa ọmọbìnrin méjì ní àwọn ìletò ẹ̀bá ìlú Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 17 kan jẹ́wọ́ pé òun ni ó pa èkejì. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nì, Alec Jeffreys, yẹ ohun tí apànìyàn fi sílẹ̀ wò, ó sì rí i pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó pa àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe ẹni tí ó jẹ́wọ́. A dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1988 a rán ẹlẹ́bi gan-an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní DNA ń bẹ nínú ara wa, ó dà bí ìwé gígùn tí a fi lẹ́tà mẹ́rin kọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bá ara mu nínú gbogbo ènìyàn. Kò lè ya Òjó sọ́tọ̀ kúrò lára Àjàyí. Ibi tí ó yàtọ̀ ni a ń wá. Ní ibi tí a ń pè ní TH01, lẹ́tà AATG ń tún ara wọn wí. Ẹnìkan lè gba mẹ́fà lọ́dọ̀ baba, kí ó gba mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ ìyá. Ti ẹlòmíràn lè jẹ́ méje àti mẹ́jọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ohun mẹ́ta ni a tún ń wò. Èkínní, kí ibẹ̀ kúrú: àwọn ibi tí Jeffreys kọ́kọ́ lò gùn, bẹ́ẹ̀ ni okùn náà a máa já wẹ́wẹ́ nínú egungun tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Èkejì, kí ó má ṣe jẹ́ ibi tí ń pàṣẹ bí ara yóò ti rí, kí ẹ̀rí má baà tú àṣírí àìsàn. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe máa jogún wọn pọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tí ó ti gbìmọ̀ pọ̀, ẹyọ kan ni wọ́n. Bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá bá ní àmì kan, tí ẹnìkan nínú mẹ́wàá sì ní òmíràn, ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò ní méjèèjì, bí ọ̀kan kò bá fara ti èkejì. Bí irú wọn bá pé mẹ́fà, ó di ẹnìkan nínú 1,000,000, èyí tí í ṣe àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ibi 13 ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà yàn ní ọdún 1997. Láti ọdún 2017 ó di 20.

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa sọ ẹni tí ó ni ín. Kì í sọ bí ó ti dé ibẹ̀. Èyí kù sọ́wọ́ adájọ́. Ẹ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin nì: ẹnu ara rẹ̀ ni ó dá a lẹ́bi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó sì gbà á.