Apá Ohùn Ni, tàbí Apá Abẹ́rẹ́? Àríyànjiyàn lórí Giramafóònù àti Orúkọ Ẹ̀yà Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé dání nínú àpilẹ̀kọ yìí lè kọ́kọ́ dà bí eré ọwọ́ àwọn olówó. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn olólùfẹ́ àwo orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan ti ń bá ara wọn jiyàn lórí irú giramafóònù tí ó dára jù lọ, àti irú apá tí ó yẹ kí ó gbé abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn nínú wọn a máa ná owó tí ó tó ra ọkọ̀ lórí apá kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú èyí ní Adó-Èkìtì lè rẹ́rìn-ín, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ìdí wà tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, tí a sì ń wá orúkọ fún àwọn ohun èlò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ìdí náà ni pé inú àwo dúdú wọ̀nyí ni a tọ́jú púpọ̀ nínú ohùn àwọn ìran tí ó ṣáájú wa sí. Àwọn olórin Èkìtì bí Elémùré Ògúnyẹmí kọrin ní ẹ̀ka-èdè wọn gan-an, níbi tí ilé ti ń jẹ́ ulé, tí igbá sì ń jẹ́ ugbá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da irú orin bẹ́ẹ̀ kọ láti orí àwo sínú kọ̀ǹpútà kí ó lè wọn bí ohùn ti ń ga àti bí ó ti ń lọ sílẹ̀, kì í ṣe ohùn olórin nìkan ni ó ń wọ̀n. Ó ń wọn ìṣesí ẹ̀rọ tí ó yí àwo náà pẹ̀lú, àti ti apá tí ó gbé abẹ́rẹ́. Níbi tí téèpù ìpìlẹ̀ bá ti sọnù, àwo nìkan ni ẹ̀rí tí ó kù. Ẹni tí yóò dà á kọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe, kò sì sí bí a ó ṣe kọ́ ọ ní Yorùbá bí a kò bá ní orúkọ tí ó tọ́ fún ẹ̀yà ara giramafóònù. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀ ní 1984 ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò kan ẹ̀yà ara ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn orúkọ tí ó ti wà nílẹ̀. Giramafóònù àti rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí wọ́n ti di ọmọ ilé. A kò rí ìdí tí a fi ní láti lé wọn jáde. Abẹ́rẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwo ni ó ní wàhálà díẹ̀. Àwo ni rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà tí a bá ní olórin kan gbé àwo jáde, bẹ́ẹ̀ ni ohun pẹrẹsẹ tí ó ń yí lábẹ́ rẹ̀ náà jọ àwo. Bí a bá pe méjèèjì ní àwo, olùkọ́ yóò máa ṣàlàyé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A dábàá ìtẹ́-àwo fún ti ìsàlẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni àwo ń jókòó sí.

Ibi tóóró tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lójú àwo ni àwọn kan ń pè ní ìlà. Ìlà kò tó o, nítorí pé ìlà kò jìn. Poro ni ó yẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rìn láàárín ebè iṣu lójú ọ̀nà Ìyìn mọ̀ pé poro ní ẹ̀gbẹ́ méjì àti ìsàlẹ̀, àti pé ẹsẹ̀ ẹni kì í ṣàdédé yà kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwo rí. Nínú àwo tí ó ní ohùn òsì àti ohùn ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ poro kan gbé ti òsì, èkejì gbé ti ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí Alan Blumlein ti là á sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931. Poro kan ṣoṣo ni ó sì wà lójú àwo, tí ó ká bí ilé ìgbín láti etí wọ àárín. Lójú kan àwo ńlá tí ó gba ogún ìṣẹ́jú, gígùn poro náà lé ní 400 mítà.

Ọ̀rọ̀ wá kan apá. Apá ohùn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ọ̀pọ̀ atúmọ̀ èdè ni yóò sì fẹ́ gbé e wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀. A kò gbà. Nígbà tí Ẹni-ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti kọ àwọn orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London ní 1922, òtítọ́ ni orúkọ náà. Apá giramafóònù ayé ìgbà náà jẹ́ ọ̀pá oníhò bí fèrè. Abẹ́rẹ́ a mi nǹkan pẹlẹbẹ tín-ínrín kan tí ó wà lẹ́nu apá, ìró a gba inú ọ̀pá náà kọjá, a sì jáde láti ẹnu ìwo ńlá. Láti ìgbà tí iná mànàmáná ti wọ inú iṣẹ́ náà, ìró kò gba ibẹ̀ mọ́. Wáyà tín-ínrín ni ó wà nínú apá báyìí. Iṣẹ́ tí ó kù fún un ni pé kí ó gbé abẹ́rẹ́ sí ojú poro, kí ó má fi ohunkóhun kún orin, kí ó má sì yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Apá tí a bá ń gbọ́ ohùn tirẹ̀, apá burúkú ni.

Ìṣòro kejì tún wà tí kò sí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn ni a ń pe ohun tí ó ti ẹnu ènìyàn jáde. Ohùn náà ni a sì ń pe òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí a ń fi àmì sí lórí fáwẹ̀lì. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí a sọ fún pé apá ohùn ni ó ba ohùn jẹ́ lára ohùn tí ó dà kọ!

Ẹnìkan lè dábàá agbábẹ́rẹ́, láti ara gbé abẹ́rẹ́. Ìpajẹ fáwẹ̀lì gbà wá láyè láti ṣẹ̀dá rẹ̀, ṣùgbọ́n etí kò gbà á. Ẹni tí ó ti mọ agbábọ́ọ̀lù yóò rò pé ẹni tí ń gbá abẹ́rẹ́ kiri pápá ni. Amábẹ́rẹ́dúró sọ iṣẹ́ náà gan-an, ó sì gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Apá abẹ́rẹ́ ni a fara mọ́, kí ilé abẹ́rẹ́ sì jẹ́ orúkọ nǹkan kékeré tí ó wà ní ìparí apá, èyí tí ó ń sọ mímì abẹ́rẹ́ di iná.

Lórí apá abẹ́rẹ́ yìí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù. Ẹ̀rọ tí ó gé poro sí ojú àwo àkọ́kọ́ ní ilé-iṣẹ́ a máa rìn gbọọrọ láti etí wọ àárín, bí ẹni ń tọ okùn tí a nà. Apá tí ó ń tọ poro náà nílé wa kì í rìn bẹ́ẹ̀. A dè é mọ́ ojú kan lẹ́yìn, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń fì, bí apá ènìyàn ti ń fì láti èjìká, tí orí rẹ̀ ń ya bí ọrun ọdẹ lójú àwo. Nítorí náà abẹ́rẹ́ kò lè dojú kọ poro gẹ́lẹ́ bí ẹ̀rọ tí ó gé e ti dojú kọ ọ́. Percy Wilson kọ̀wé lórí èyí nínú ìwé ìròyìn The Gramophone ní 1924. Erik Löfgren ará Sweden ṣe ìṣirò rẹ̀ ní kíkún ní 1938, H. G. Baerwald sì tún gbé e yẹ̀ wò ní 1941. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí a tẹ orí apá wọnú ní nǹkan bí dígírì 23, kí a sì jẹ́ kí ẹnu abẹ́rẹ́ ré àárín àwo kọjá ní nǹkan bí mìlímítà 15 sí 18. Fún apá tí ó gùn ní ínṣì 9, àṣìṣe tí ó kù jẹ́ nǹkan bí dígírì 2 níbi tí ó ti pọ̀ jù. Ní ojú méjì, ìyẹn mìlímítà 66 àti 121 sí àárín àwo, kò sí àṣìṣe rárá.

Títẹ̀ yìí ni ó tún bí ìṣòro mìíràn. Bí poro ti ń fa abẹ́rẹ́, ó ń fa gbogbo apá lọ sí àárín, abẹ́rẹ́ a sì fi ara ti ẹ̀gbẹ́ inú poro ju ẹ̀gbẹ́ òde lọ. A pe èyí ní ìfàsínú. Ìwọ̀n kékeré tí a fi okùn so, tàbí sípíríǹgì, ni a fi ń fa apá padà. Àwọn tí ó dàgbà nílé tí rẹ́kọ́ọ̀dù wà yóò rántí ìwòsàn tiwa: bí abẹ́rẹ́ bá ń fò, kọ́bọ̀ ni à ń gbé lé orí apá. Apá òde òní ń fẹ́ kí abẹ́rẹ́ tẹ poro ní nǹkan bí gíráàmù 1.5 sí 2. Owó-ẹyọ kan lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ a wá máa họ ara poro díẹ̀díẹ̀. Kò ní yà wá lẹ́nu bí púpọ̀ nínú ariwo tí a ń kà sí ti ogbó lára àwo àtijọ́ bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kọ́bọ̀.

Àwọn kan wá bi ara wọn pé, kí ló dé tí apá kò fi lè rìn bí ẹ̀rọ tí ó gé poro? Bang & Olufsen ti Denmark gbé Beogram 4000 jáde ní 1972, Technics ti Japan sì gbé SL-10 jáde ní 1979. Nínú méjèèjì, gbogbo apá ni ó ń sún lórí irin láti etí wọ àárín. A dábàá apá arìntààrà fún irú èyí, kí apá eléjìká sì jẹ́ orúkọ irú ti àtijọ́. Apá arìntààrà kò ní ìtẹ̀, kò sì ní ìfàsínú. Ṣùgbọ́n ó nílò ẹ̀rọ tirẹ̀ tí yóò máa sún un, àti ojú iná tí yóò máa ṣọ́ ọ. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kú, gbogbo rẹ̀ kú. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí ilé-ìwé kan ní Èkìtì yóò fi ra irú rẹ̀, nígbà tí apá eléjìká tí a bá tò dáadáa kò fi ju dígírì 2 ṣìnà, tí a sì lè fi ọwọ́ àti sùúrù tún un ṣe. Nínú àwọn apá eléjìká fúnra wọn, òmíràn dúró lórí ṣóńṣó kan ṣoṣo bí òkòtó. Ó ń fì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì dùn gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ìhà kejì àríyànjiyàn náà kò gba àlàyé púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé ẹni tí ó bá ti dúró nídìí ẹ̀rọ ìlọta ní Ọjà Ọba ti rí i: ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, ọlọ wà lọ́tọ̀, bẹ́líìtì ni ó so wọ́n pọ̀. Báyìí ni giramafóònù onígbànú rí, irú èyí tí Acoustic Research gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961 àti èyí tí Linn ti Scotland sọ di olókìkí ní àwọn ọdún 1970. Rọ́bà náà kì í jẹ́ kí kíkùn ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ ayítààrà ni èkejì, níbi tí ìtẹ́-àwo ti jókòó sórí ọ̀pá ẹ̀rọ gan-an láìsí bẹ́líìtì, bí SL-1200 ti Technics tí ó jáde ní 1972.

Àwọn onígbànú ní etí àwọn gbọ́ ìyàtọ̀ tí ìwọ̀n kò fi hàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní Glasgow. Ní Adó, iná ni adájọ́. Ẹ̀rọ púpọ̀ nínú àwọn onígbànú àtijọ́ ń bá ìlù iná rìn. Ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni iná wa ń lù. Bí jẹnẹrétọ̀ bá gbé e dé 53, eré àwo yóò fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, orin yóò sì gòkè ní nǹkan bí ìdajì ìgbésẹ̀ kan lórí dùùrù. Tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, níbi tí iná ti ń lu ìgbà 60, yóò sì máa yí ní nǹkan bí ìgbà 28 ní ìṣẹ́jú kan dípò 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, bí a kò bá pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ tí ó ń fa bẹ́líìtì rẹ̀. SL-1200MK2 tí ó jáde ní 1979 kò gbọ́ ti iná. Òkúta kúọ́ọ̀sì ni ó ń ṣọ́ eré rẹ̀. Fún ẹni tí ó fẹ́ da ohùn kọ fún ìwádìí níhìn-ín, ẹ̀rọ ayítààrà oníkúọ́ọ̀sì ni a ó yàn.

Ó ku orúkọ méjì fún àìdúróṣinṣin eré àwo. Bí àwo bá yára jù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òkè ṣì ga ju àárín, àárín ṣì ga ju ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ohùn àgbà ni yóò kàn di ti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bí eré bá ń lọ tí ó ń bọ̀, ìsàlẹ̀ lè gòkè ní àárín gbólóhùn. A pe èyí tí ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní ìfì, bí ẹ̀ka igi ti ń fì, a sì pe èyí tí ó yára ní ìgbọ̀n. Ihò àárín àwo tí kò sí ní ojú rẹ̀ ni ó sábà ń fa ìfì. Bí ó bá fi mìlímítà 1 péré yẹ̀, ohùn yóò máa fì ní nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lókè àti nísàlẹ̀ níbi tí poro ti wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín, yóò sì máa padà wá ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.8 gẹ́lẹ́ lórí àwo ńlá. Olùwádìí tí ó bá rí irú ìgòkè bẹ́ẹ̀ lórí ìlà ohùn nínú kọ̀ǹpútà, kí ó kọ́kọ́ sún àwo rẹ̀ sí àárín ìtẹ́, kí ó tún un dà kọ, kí ó tó kọ ohunkóhun nípa ẹ̀ka-èdè Èkìtì.